Bí mo ṣe yẹ ọkọ̀ tókunbọ̀ mẹ́ta wò kí n tó san owó ọ̀kan

Àbúrò mi obìnrin ló ní kí n bá òun wá ọkọ̀ tókunbọ̀ tí òun yóò máa fi gbé àwọn ọmọ òun lọ sí ilé-ìwé nílùú Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ní orúkọ ọkọ̀ kan lẹ́nu. Àwọn kan ní kí n má wulẹ̀ wo ọ̀tún wo òsì, Toyota ni, nítorí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n ní ọjà Agodi Gate, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹ́ńjìnnì Honda kì í kú bọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àlòpẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ààbò, n kò sì rí ẹnì kan tó bi mí pé bí ọkọ̀ náà bá lọ forí sọ nǹkan lọ́jọ́ kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ airbag, báàgì tó máa ń fẹ́ wú láti gba ẹni tó wà nínú ọkọ̀ là bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ló ń kó ìpayà bá mi jù. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe airbag fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó tó 19, Honda, Toyota, Ford àti BMW sì wà lára wọn. Kẹ́míkà ammonium nitrate tí wọ́n fi ń fẹ́ báàgì náà a máa bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọdún púpọ̀, débi pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, agolo irin tó gbé e dúró lè fọ́, kí àfọ́kù irin sì ta lu ojú àti ọrùn ẹni tí báàgì náà yẹ kó gbà là. Ní Amẹ́ríkà nìkan, irú agolo bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pè padà láti pààrọ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 67, àwọn ìpínlẹ̀ olóoru bíi Florida ni wọ́n sì kọ́kọ́ mójú tó. Ooru àti ọ̀rinrin tiwa ńkọ́?

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ wò mọ́ tónítóní. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, mo da nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ kọ, àmì 17, mo sì fi wé èyí tó wà lára òpó ìlẹ̀kùn. Kì í sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 4 ni mo bá níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí 2004, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á ti ní 2006 ni. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ló wúlò fún. Ó jáde pé wọ́n ti pe airbag ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ padà, wọn kò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi hàn án.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú,” ó ní, “bí ẹ bá ṣáà ti rọra wà á, airbag ò ní bẹ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Nọ́ńbà ọkọ̀ kejì kò ní àbààwọ́n kankan, rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí mo mú dání, ló rí ohun tí ojú mi kò rí. Ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ṣíná sí i, iná ọ́ìlì, ti bátìrì àti ti búréèkì tàn, ṣùgbọ́n ojú ibi tí iná airbag wà ṣókùnkùn. Iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó sì kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Olówó ọkọ̀ gbà pé ká tú u. Rìwáyà yọ orí bátìrì, ó ní ká ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agbára iná tó kù lára rẹ̀ lè tán, lẹ́yìn náà ló ṣí ìdérí àárín sítíárì. Fóòmù ni wọ́n kì sínú ihò náà. Inú bí mi gidigidi, nítorí mo ń wo ibi tí àbúrò mi ìbá jókòó sí.

Ẹ̀kẹta la rà. Nọ́ńbà rẹ̀ mọ́, iná airbag rẹ̀ tàn, ó sì kú bó ṣe yẹ. Táyà nìkan ló kù díẹ̀ káàtó: 2311 ni òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára wọn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011, nítorí náà mo ní kí wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àwọn ọmọ tó wọ̀ ọ́. Mo ti kọ nọ́ńbà ṣáásì náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ilé àbúrò mi, nítorí wọ́n lè kéde àbùkù tuntun nígbàkígbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la sì ń tẹ̀ ẹ́ wò.