Kí Ẹ Tó Fi Mọ́tò Fa Kárafáànì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lójú Ọ̀nà Bìrìtéènì

Bí kárafáànì, ìyẹn ilé onítáyà tí mọ́tò máa ń fà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì lẹ́yìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn awakọ̀ ló burú jù: kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tàbí kó sáré sí i kí ọkọ̀ lè fà á tọ́. Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sitiárìn mú kó dúró lójú kan, kí eré fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ àjàgbé tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, àmọ́ ẹrù ló yẹ kí ẹ lọ wò.

Ẹ má ko ẹrù wúwo sí ìdí kárafáànì, ẹ má sì kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Ilẹ̀ ni kó wà, ní ọ̀gangan táyà. Ẹrù kékeré tó jìnnà sí táyà lè mú kí ìdí kárafáànì máa jù bí ìrù. Ẹ da omi inú táǹkì nù pẹ̀lú. Lítà 40 kò yàtọ̀ sí kílò 40.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n imú, ìyẹn bí imú kárafáànì ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù irin ìdí ọkọ̀ tó. Ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kárafáànì tó ti kún fún ẹrù ló dára. Tí kárafáànì bá jẹ́ kílò 1,400, kílò 70 sí 98 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí irin ìdí ọkọ̀ kò bá gbà ju 75 lọ, 75 ni òpin. Tó bá fúyẹ́ jù, kárafáànì á máa fì. Tó bá wúwo jù, iwájú ọkọ̀ á gbéra, sitiárìn á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Wọ́n ń ta òṣùwọ̀n rẹ̀, kò sì wọ́n.

Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán ti tó láti fa ohun tó tó kílò 3,500. Ìwé àṣẹ ló gbà á o, kì í ṣe ọkọ̀ yín. Kò yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ́ kí kárafáànì ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ lọ: ọkọ̀ kílò 1,600, kárafáànì kílò 1,360.

Àwọn kan máa ń fi gíríìsì pa bọ́ọ̀lù náà. Bí ẹnu kárafáànì tó ń há mọ́ bọ́ọ̀lù bá ní páàdì tó ń dènà fífì, gíríìsì á ba páàdì náà jẹ́. Ẹ nu bọ́ọ̀lù náà gbẹ. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó, ẹ fi táyà kékeré iwájú kárafáànì gbé ìdí ọkọ̀ sókè díẹ̀: tí ẹnu rẹ̀ bá já, kò tíì há. Wáyà pàjáwìrì náà, ẹ má kàn fi kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ihò tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ fi há a, torí òun ló máa fa bíréèkì kárafáànì bí kárafáànì bá já kúrò lára ọkọ̀.

Máìlì 60 ní wákàtí kan ni òpin eré lójú márosẹ̀, 50 lójú ọ̀nà tí kò ní ìpín láàárín. Ẹ má wọ ìlà ọ̀tún pátápátá lórí márosẹ̀ onílà mẹ́ta. Bí kárafáànì bá fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ, ẹ fi dígí tó gùn, tí a fi ń wo ẹ̀yìn, kún ti ọkọ̀.

Ojú táyà kárafáànì kì í sábà jẹ tán. Ó ń gbó lórí ìdúró. Ojú rẹ̀ lè dà bíi tuntun kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sán. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn tó wà lára rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tó bá ti pé ọdún méje, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn máìlì 30 àkọ́kọ́.