Bí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré Kò Ṣe Ní Máa Rùn

Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ kékeré la ọ̀sà kọjá láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìwòpin tàbí Mákùn-Omi mọ bó ṣe máa ń rí bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n èèyàn láàárín omi. Kò sí igbó tí a lè yà sí. Aboyún á máa mú un mọ́ra, àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ ò ní mu omi láàárọ̀ rárá. Nítorí wọn la ṣe gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká sínú ọkọ̀ wa, irú èyí tó ní táńkì méjì: ti òkè fún omi tí a fi ń ṣàn án, ti ìsàlẹ̀ fún ìdọ̀tí, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan tí à ń fà sì wà láàárín wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èrò ò fi fẹ́ jókòó nítòsí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo so káfúrà mọ́ ọn, mo sì ń fọ́n lọ́fínńdà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn méjì ló máa di ẹyọ kan, èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí òórùn náà ti ń wá ló yẹ ká mọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú táńkì tí a pa dé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ á wá máa jẹ ìdọ̀tí náà, wọ́n á sì máa tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ jáde. Ìtọ̀ ní tirẹ̀ máa ń di amóníà, òun ló ń ta síni nímú, tó sì ń mú ojú ṣomi. Bí oòrùn bá wá ń pa ọkọ̀, kíá ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, ẹ bu omi bíi lítà kan sí méjì sínú táńkì ìsàlẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì da oògùn rẹ̀ sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Èyí tó ní formaldehyde ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá wa jẹ ìdọ̀tí nínú sọ́kàwéè náà. Èyí tó ní nitrate ni mo fẹ́ràn: ó ń fún àwọn kòkòrò náà ní ohun tí wọ́n lè lò dípò afẹ́fẹ́, gáàsì ẹyin bíbàjẹ́ kò sì ní rí àyè jáde.

Tí ẹ ò bá rí oògùn rà, garawa tó ní ìdérí àti lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ ṣeé lò. Agbègbè wa tí igbó J4, igbó tí wọ́n ti ń gé gẹdú, wà kì í ṣe ibi tí a ti ń wá lẹ́búlẹ́bú pákó tì. Ẹ bù ú bo ìgbẹ́ dáadáa lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ìtọ̀ sì ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, torí tó bá ti rin gbindin, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ má da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú èyí tó ní táńkì méjì o, á dí i.

Ọ̀pọ̀ òórùn kì í ti inú táńkì wá rárá, etí ìjókòó ló ti ń wá. Ọkọ̀ ń mì, ọkùnrin dúró tọ̀, ó ta sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbẹ síbẹ̀. Òfin tiwa ni pé gbogbo èèyàn ló ń jókòó tọ̀, ìbáà jẹ́ baálé ilé. A ń fi àkísà àti omi ọṣẹ nu ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá dé èbúté. Tíṣù díẹ̀ lè wọ inú táńkì. Páàdì àti ìnùdí olómi ò gbọ́dọ̀ wọlé.

Ẹ máa wo rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ náà ká. Tí kò bá dé dáadáa mọ́, ẹ fi gírísì sílíkónì ra á. Fasilín àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Ẹ máa dà á nù lọ́jọ́ méjì méjì, kó tó kún: táńkì ogún lítà tó kún ju ogún kílò lọ, ẹni tó bá gbé e lórí afárá onípákó lè yọ̀ ṣubú. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ orí ilẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á sínú ọ̀sà. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn mìíràn ń ṣàn wọnú rẹ̀, àwọn èèyàn wa ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ń fi omi ibẹ̀ fọ abọ́, ìgbẹ́ ẹnì kan ṣoṣo sì lè kó onígbáméjì ran odindi abúlé kan.

Tí ẹ bá ti dà á tán, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ wá da ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fi omi là sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyẹn ló ń yọ ìpẹ́pẹ́ ìtọ̀ tó ti gan. Bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ pàdé ìtọ̀ tàbí ọtí kíkan, torí gáàsì olóró ló ń jáde, inú ọkọ̀ sì há. Ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ.

Láàárọ̀, kí a tó ṣí ọkọ̀, mo máa ń ṣí ìdérí, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ta mí nímú, etí ìjókòó àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni mo ń fọ̀. Tó bá rùn bí ẹyin, táńkì ìsàlẹ̀ ni.