Ẹ Má Ṣe Báyìí Tẹ Àtẹ́lẹsẹ̀ Nítorí Ìdààmú Ara: Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀

Ẹ̀yin ará Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, òkun o. Nígbà kajú, àwọn ìyá wa lágbègbè Kàbbà a máa jí lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a ṣa kajú títí oòrùn á fi mú, wọn a sì tún délé gúnyán. Tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ bá wá gorí rẹ̀, oorun á dá lójú wọn. Irú àárẹ̀ yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní reflexology, tó gbà pé ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀ so mọ́ ẹ̀yà ara kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó ń fún ara nísinmi. Àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà nídìí rẹ̀ tó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n tẹ ojú kan lẹ́sẹ̀ yín, kí ó dùn yín, kí wọ́n sì sọ pé adrenal yín ló ti rẹ̀. Ẹṣẹ́ (gland) adrenal méjì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sórí kíndìnrín kan. Ibẹ̀ ni adrenaline àti cortisol, èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìdààmú, ti ń wá, ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Eunice Ingham, ará Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò ní àwọn ọdún 1930. Nínú àwòrán náà, ojú adrenal wà nísàlẹ̀ ibi tó ki lábẹ́ ìdí àwọn ọmọ ìka, lókè ojú kíndìnrín díẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé títẹ ibẹ̀ ń dé inú ẹṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rí gbà ni pé ọkàn wọn rọlẹ̀, wọ́n sì sùn, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Ní ti àìsàn tí wọ́n ń pè ní adrenal fatigue, ìyẹn àárẹ̀ adrenal, ọdún 1998 ni James Wilson, oníṣègùn àdánidá kan ní Amẹ́ríkà, fún un lórúkọ, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ẹṣẹ́ ara kò sì gbà á ní àìsàn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igi tàbí òkúta gún yín lẹ́sẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú yín. Ìrora fúnra rẹ̀ ń mú kí ara tú adrenaline síta, ohun tí ẹ sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ẹsẹ̀, kí àtàǹpàkò máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ekòló, láìkánjú, nírọ̀lẹ́.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó sì ń dunni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ó sì lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Kí aláboyún kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ rèé. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìpara tó ní clobetasol bóra fún ọdún gbọọrọ. Àwọn mìíràn ń ra prednisolone tàbí dexamethasone ní kẹ́mísì nítorí oríkèé ríro, tàbí kí wọ́n lè sanra. Iṣẹ́ cortisol ni gbogbo wọn ń ṣe. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú ara, ẹṣẹ́ adrenal á dẹwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí atẹsẹ̀ bá wá sọ pé kí ẹ da gbogbo oògùn òyìnbó nù lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀, èébì lè bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèyàn sì lè kú. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Àìsàn adrenal gidi náà wà. Thomas Addison, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1855. Ẹni tó ní in ń rù, iyọ̀ ń wù ú jẹ ṣáá, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, ìlà àtẹ́lẹwọ́, èrìgì àti ojú àpá rẹ̀ sì ń dúdú sí i. Títẹ ẹsẹ̀ kò lè wò ó. Àárẹ̀ tí kò lọ sì tún lè jẹ́ ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà, nítorí náà ẹ má máa tẹ ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́jà. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, torí òwúrọ̀ ni cortisol máa ń ga jù, ìgbà yẹn ni wọ́n sì sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wọ̀n ọ́n. Kí ẹ sì mú páálí ìpara àti sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn yín dání fún dókítà.