Bí a ṣe ń fi àwòrán wá ohun tí ó fa pàjáwìrì ọkàn nígbà tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì nínú òpó ọkàn

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí àyà ń dùn, tí ó ń mí hẹlẹ, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀, dé yàrá pàjáwìrì, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú òpó tí ń bọ́ ẹran ọkàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn mìíràn wà tí wọ́n jọ ọ́ tí ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tí ó lè gba ẹnì kan là, lè pa ẹni tí ògiri aorta rẹ̀, ìyẹn òpó ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, ti ya. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rú wa lójú, ó yẹ kí á ti wo ọkàn rẹ̀ kí á tó gún un ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ ẹ́kò kékeré, èyí tí ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, wà ní àrọ́wọ́tó wọn ni mo kọ èyí fún, kò sì lè dípò kíkọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń ya bí iná inú ọkàn ṣe ń rìn, láàárín ìṣẹ́jú 10 tí aláìsàn bá dé. Bí ó bá fi hàn gbangba pé òpó ọkàn ti dí, tí àlàyé aláìsàn sì bá a mu, ẹ má ṣe tìtorí àwòrán fi ìtọ́jú falẹ̀. Àwòrán di kànńpá nígbà tí nǹkan kan kò bá bá ìyókù mu: ìrora tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ó ń ya láti àyà lọ sí ẹ̀yìn, ìfúnpá apá kan tí ó fi ohun tí ó ju 20 mmHg lọ yàtọ̀ sí ti èkejì, iṣan ọrùn tí ó wú nígbà tí kò sí omi nínú ẹ̀dọ̀fóró, obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò lè sùn gbalaja, tàbí ẹni tí ó ti wà lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Orí ẹ̀rọ tí ó wà fún ọkàn ni kí ẹ mú, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ láàárín megahertz 2 sí 5. Ẹ ní kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ lè dẹ̀. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì tí ó pọ̀ sí abẹ́ ibi tí egungun igbá-àyà parí sí, kí ẹ tẹ́ orí ẹ̀rọ náà pẹlẹbẹ, kí ọwọ́ yín wà lókè rẹ̀, kí ó sì kọjú sí èjìká òsì. Ẹ jẹ́ kí ìjìnlẹ̀ àwòrán tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ hàn, ọkàn yóò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọkàn kò bá hàn dáadáa, ẹ ní kí aláìsàn mí sínú kí ó sì dá a dúró díẹ̀, nítorí pé mímí sínú yóò ti ọkàn sọ̀kalẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù láti ti bẹ̀rẹ̀: kò sí lójú ọ̀nà ẹni tí ń tẹ àyà nígbà tí ọkàn bá dúró, a sì lè rí omi tí ó yí ọkàn ká, ìyẹ̀wù ọkàn ní apá ọ̀tún àti IVC, ìyẹn òpó ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀ ara, láìkúrò níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń wá ni omi nínú àpò tí ó yí ọkàn ká, tí ó máa ń dúdú lójú ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára ohun tí ó ń fà á jù. Jẹjẹrẹ, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ àti aorta tí ó ya náà a máa fà á. Omi tí ó bá rọra ń kún fún oṣù púpọ̀ lè ju lítà kan lọ kí ara tó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mílílítà 150 sí 200 tí ó bá dé lójijì ti tó láti fún ọkàn pa. Nítorí náà, ohun tí omi ń ṣe sí ọkàn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹ tẹjú mọ́ ògiri ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún: ní àsìkò tí ó yẹ kí ìyẹ̀wù náà ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, ẹ óò rí i tí ògiri rẹ̀ ń tẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orí ẹ̀rọ sí òòró kí ẹ wá IVC lẹ́bàá ẹ̀dọ̀. Bí ó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.1 lọ, tí kò sì fún tó ìdajì nígbà tí aláìsàn bá mí sínú, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò rí àyè wọ ọkàn. Bí ìfúnpá bá ti wálẹ̀ pẹ̀lú àwọn àmì wọ̀nyí, fífa omi náà ló kàn. Ẹ má ṣe gbé aláìsàn lọ síbi CT, ẹ̀rọ ńlá tí ń fi ìtànṣán X-ray ya inú ara. Mílílítà 50 péré tí a bá fà lè mú kí ìfúnpá gbéra. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ aorta tí ó ya ni ó fa omi náà, oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró a máa tan ni jẹ níhìn-ín. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì egungun igbá-àyà, kí ẹ wá aorta tí ń sọ̀kalẹ̀, tí ó hàn ní róbótó lẹ́yìn ọkàn. Omi inú àpò ọkàn máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ẹ̀dọ̀fóró máa ń wà.

Bí kò bá sí omi, ẹ fi ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ méjèèjì wéra láti orí ṣóńṣó ọkàn. Ti ọ̀tún kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti òsì lọ. Bí ó bá tóbi tó ti òsì tàbí tí ó jù ú lọ, tí ògiri àárín sì ń tẹ̀ sí apá òsì, ẹ fura pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti lọ dí òpó ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọn ògiri ìyẹ̀wù ọ̀tún náà, nítorí pé èyí tí ó bá nípọn ju mílímítà 5 lọ ń sọ pé ó ti pẹ́ tí ìyẹ̀wù yẹn ti ń ru ẹrù, kì í ṣe ti òní. Ẹ tún fi orí ẹ̀rọ tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú itan àti ẹ̀yìn orúnkún: iṣan tí kò bá pẹlẹbẹ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá dúró ni kí ẹ gbé lọ ṣe CT òpó ẹ̀dọ̀fóró. Oyún kò ní kí á máà ṣe CT yìí bí ó bá pọn dandan.

Ní ti aorta tí ó ya, mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí gan-an. Bí ìdí aorta, níbi tí ó ti kúrò lára ọkàn, bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, tàbí tí ẹ rí awọ tín-ín-rín tí ń mì nínú rẹ̀, ó ti tó láti dá oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì dúró kí á sì pe oníṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kò tíì lè sọ pé kò ya, nítorí pé apá tí ó pọ̀ nínú aorta ni ẹ́kò láti orí àyà kò lè rí. CT pẹ̀lú kọ́ńtíráàsì (oògùn tí a ń gún sínú iṣan kí òpó lè hàn), tàbí ẹ́kò tí a gbà láti ọ̀nà ọ̀fun, ni yóò yanjú rẹ̀. Kíndìnrín tí kò le dáadáa kò yẹ kí ó dí CT yìí lọ́wọ́, torí pé ikú wákàtí díẹ̀ ni a ń bá jà.

Àwọn kan wà tí inú ọkàn fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà. Obìnrin tí ó wà ní òpin oyún, tàbí tí kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí ó bímọ, tí ìyẹ̀wù òsì rẹ̀ fẹ̀ tí agbára ìfún rẹ̀ (ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde nígbà tí ó bá fún) sì wálẹ̀ sí abẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, lè ní àìsàn ọkàn abiyamọ, èyí tí ó wọ́pọ̀ gan-an ní Kano àti Zaria. Ẹ wo ṣóńṣó ọkàn rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní Ìbàdàn àti ní Uganda, àwọn oníṣègùn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa àìsàn tí awọ inú ọkàn fi ń yi, tí ṣóńṣó ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ fi ń dí, tí ìyẹ̀wù òkè fi ń tóbi rẹpẹtẹ, tí ikùn sì ń kún fún omi ju bí ẹsẹ̀ ṣe wú lọ. Takotsubo, àìsàn ọkàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan ní 1990, máa ń bá àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, lẹ́yìn ìbànújẹ́ ńlá: ṣóńṣó ọkàn a wú láìfún, ìdí rẹ̀ a sì máa fún gidigidi. Ẹ má ṣe dá a lórúkọ láìtíì yẹ òpó ọkàn wò. MRI, ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ya inú ara, ló dára jù fún ẹran ọkàn tí ó wú nítorí kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ ni a ń gbé lọ síbẹ̀.

Bí ọkàn bá ti dúró pátápátá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ipò ọwọ́. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ sí ààyè rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń tẹ àyà, ẹ gba fídíò sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 tí wọ́n fi ń wá ìlù ọkàn, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹ sì tún fídíò náà wò nígbà tí wọ́n bá ti padà sí títẹ̀. Bí kíkà bá dé 10 tí ẹ kò tíì rí àwòrán tí ó dára, kí ọwọ́ padà sí àyà, kí ẹ dúró de ìsinmi tí ó kàn.