Ohùn ń di méjì lẹ́yìn kánópì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí DSP (ẹ̀rọ tó ń ṣètò ohùn kó tó dé àńpù) àti sípíkà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, a gbé sáúǹdì lọ síbi ìnáwó kan ní Bódìjà. Sípíkà méjì wà níwájú, a gbé méjì sí àárín kánópì nítorí àwọn ará ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún lẹ́ẹ̀mejì létí wọn. Mo ti yí EQ (ibi tí a ti ń fi bass àti ohùn tíńrín kún tàbí dín wọn kù) títí, kò lọ.

Ìdáhùn: Àbúrò, EQ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn inú wáyà dé sípíkà àárín lójú ẹsẹ̀, àmọ́ èyí tó jáde níwájú ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀. Bí ooru bá tó 30°C, bíi mítà 349 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mítà 28 bá wà láàárín sípíkà iwájú àti ti àárín, ti iwájú yóò fi bíi milisẹ́kọ́ńdì 80 (milisẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) pẹ́ dé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni, etí lè da méjì pọ̀ di ọ̀kan bí àlàfo wọn kò bá ju bíi milisẹ́kọ́ńdì 30 lọ. 80 ti kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì.

Fi téèpù wọn ilẹ̀, má fojú díwọ̀n. Mítà kan gba bíi milisẹ́kọ́ńdì 2.9. Iye tó bá jáde ni kí o fi sí delay (ìdádúró ohùn) lórí DSP, ní output (ojú ìjáde) tó ń bọ́ sípíkà àárín nìkan. Bí o bá fi sí input (ojú ìwọlé), gbogbo rẹ̀ ni yóò jọ pẹ́, o kò sì tíì tún nǹkan kan ṣe. Lẹ́yìn náà, fi milisẹ́kọ́ńdì 5 sí 10 kún un, kí etí lè gbà pé ọ̀dọ̀ olórin ni ohùn ti ń wá, kí o sì rẹ ohùn sípíkà àárín sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan máa ń da ara wọn láàmú lórí ooru àti òtútù. Láàárín 20°C àti 30°C, ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí mítà 28 kò tó milisẹ́kọ́ńdì 2.

Bó bá jẹ́ Bluetooth lẹ fi ń gbé ohùn lọ sí àárín, ẹ yọ ọ́. Ó ní ìdádúró tirẹ̀, kì í sì í dúró sójú kan.

Ìbéèrè: Sub (sípíkà bass) wa wà nílẹ̀ níwájú stage, sípíkà yòókù wà lórí stage. Bí sub bá dá dún, ó lágbára. Bí a bá ti ṣí tòkè, ìlù á fẹ́lẹ́.

Ìdáhùn: Wọ́n ń pa ara wọn ni. Ní 100 Hz (ìgbì ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìgbì ohùn kan gùn tó mítà 3.5. Bí sub bá fi mítà 1.7 ṣíwájú, nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Tẹ polarity sub wò, ìyẹn bọ́tìnì tó ń sọ títì di fífà, tó ń sọ fífà di títì. Bí bass bá padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó fà á nìyẹn. Dá polarity padà, kí o fi delay milisẹ́kọ́ńdì 5 sí sub, torí òun ló ṣíwájú. Crossover (ibi tí a ti ń pín ohùn fún sub àti sípíkà òkè) méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu: irú èyí tí wọ́n ń pè ní Linkwitz-Riley 24 dB lókè, òun náà nísàlẹ̀, ní Hz kan náà. Mo ti rí ẹni tó fi 24 sókè, tó fi 12 sísàlẹ̀, tó wá ń bú ẹni tó ta sípíkà fún un.

Ìbéèrè: Limiter (ohun tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà) wà lórí DSP wa, síbẹ̀ túwítà (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tíńrín jáde) jóná lẹ́yìn tí a pààrọ̀ àńpù.

Ìdáhùn: Fólítì tó ń jáde lára DSP nìkan ni limiter mọ̀, kò mọ àńpù rí. Túwítà wáàtì 40 tó jẹ́ óòmù 8, bíi fólítì 18 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Àńpù tí gain (agbára ìmúpọ̀síi) rẹ̀ jẹ́ 32 dB ń sọ fólítì di ìlọ́po 40, nítorí náà 0.45 V ni limiter gbọ́dọ̀ ti dá a dúró. Bí tuntun bá jẹ́ 38 dB, ìlọ́po 80 ni, fólítì á di 36, wáàtì á sì di 160, torí bí fólítì bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Tún un ṣírò nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ àńpù, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ knob rẹ̀ nítorí àwọn ọlọ́wọ́ yíyí.

Ìbéèrè: Máìkì alága ìdúró ń hu ṣáá. Ṣé ká fi notch (EQ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gé ohùn tó ń hu nìkan) kún un ni?

Ìdáhùn: Méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn ìyá náà á bàjẹ́. Iwájú sípíkà ló ń rìn lọ, DSP kò sì lè dì í mú. Ẹ gbé sípíkà ṣíwájú ibi tó ti ń ṣeré, ẹ gbé e ga. Kó má fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì, torí ìyẹn ń jẹ́ kí máìkì máa gbọ́ ohùn láti ibi gbogbo. Kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́. Tí owó bá ti ń já lórí rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn.