Bí mo ṣe wọn ewu iṣẹ́ ní kúárì

Iye ẹni tó fara pa ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ 60, wákàtí 48 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50: wákàtí 144,000 lọ́dún. Ìfarapa tó dá èèyàn dúró sílé lọ́jọ́ kejì jẹ́ 3. Mo sọ 3 di ìlọ́po 200,000 (wákàtí tí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ń ṣe lọ́dún, 40 lọ́sẹ̀), mo pín in fún 144,000. Ó jẹ́ 4.17: iye ìfarapa fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ lọ́dún.

Má gbọ́kàn lé e. Bí 3 bá di 2, á já wá sí 2.78, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta lánàá náà ló ṣì ń yí. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kì í sọ pé ìka òun ya, torí bó bá jókòó sílé, kò sówó.

Mo wá ṣí ìwé kan tá a pè ní "ó kù díẹ̀". A ò kọ orúkọ, àfi ibi, aago àtohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ àfìgbà tí fómàánù kọ tiẹ̀. Púlì ìdí bẹ́líìtì, ìyẹn róláà tí bẹ́líìtì ń yí lé, ló wá ń jáde lemọ́lemọ́ nínú ìwé náà: wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta tó dà sábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń sáré lọ́wọ́. Ọwọ́ aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ọwọ́ èèyàn á tẹ̀ lé e. A fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó, bóòtù la fi dè é, kì í ṣe wáyà, torí wáyà ò ṣòroó tú. A dá àyè sí ìsàlẹ̀ kí ṣọ́bìrì lè kó òkúta látìta. Láìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò kílẹ̀ tó ṣú.

Ó ku eruku. Láti wọ̀n ọ́n, pọ́ńpù kékeré á wà ní bẹ́líìtì ìdí òṣìṣẹ́, sáíkílóònù (ohun kékeré tó ń ya eruku ńlá sọ́tọ̀ kí kíkúnná lè dé orí fílítà) á wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀, nítòsí imú. Lítà 1.7 ni yóò máa fà ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí mẹ́jọ á jẹ́ lítà 816. Òfin Amẹ́ríkà tọdún 2016 fi sílíkà (eruku òkúta tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) mọ sí máíkírógíráàmù 50 nínú lítà 1,000 atẹ́gùn, nítorí náà bí sílíkà orí fílítà bá ju máíkírógíráàmù 41 lọ, ó ti kọjá. Ẹ má dojú sáíkílóònù délẹ̀ o: eruku ńlá tó ti já sínú ike ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dà sórí fílítà, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á bàjẹ́.

Omi la fi ṣẹ́gun eruku, àmọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́kùúta ni ká ti fọ́n ọn, kó tó fọ́. Bómi bá pọ̀ jù, ẹrẹ̀ á dí ajọ̀. Omi kòtò kúárì ń dí ojú ìfọ́nmi, nítorí náà a fi asẹ́ sẹ́nu páìpù, àràárọ̀ la sì ń fọ̀ ọ́.