Bí a ṣe ń fi kámẹ́rà wọn òjò ìràwọ̀ láti Ìlọrin

Lóru 13 mọ́jú 14 oṣù Kejìlá ni òjò ìràwọ̀ Geminid máa ń pọ̀ jù lọ́dọọdún. Eruku tí òkúta ojú ọ̀run kan tó ń jẹ́ Phaethon dà sílẹ̀ ni ayé ń là kọjá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju hóró yanrìn lọ, ṣùgbọ́n kìlómítà 35 ló ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn yòò.

Kámẹ́rà CCTV tí àwọn èèyàn ń gbé kọ́ ẹnu géètì tó fún iṣẹ́ yìí, bó bá ti jẹ́ èyí tó ń ríran dáadáa lókùnkùn. Ẹ pa àwọn iná kéékèèké tó yí lẹ́ǹsì rẹ̀ ká. Ẹ gbé e sórí òrùlé, kó kọjú sókè, kó sì kẹ̀yìn sí iná ìlú. Ní tèmi, mo fẹ́ràn Ìgbàjà ju Táńkè lọ, nítorí òkùnkùn ibẹ̀ ṣì jinlẹ̀.

Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, kí ẹ fi RMS sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí Global Meteor Network, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ òjò ìràwọ̀ kárí ayé, ń lò. Ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì máa tún aago rẹ̀ ṣe. Bátìrì ṣe pàtàkì. Wákàtí tí iná lọ tàbí tí ìkùukùu bo ọ̀run, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kámẹ́rà kò ríran. Ẹ má kọ ọ́ pé ìràwọ̀ kankan kò já.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ bàálù kúrò nínú ohun tí kámẹ́rà yà. Èyí tó kù, ẹ fa ìlà rẹ̀ padà sẹ́yìn: èyí tí ìlà rẹ̀ bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ Castor nìkan ni Geminid.

Iye tí ẹ kà kò tíì tó. Ọyẹ́ ni mo ń bẹ̀rù jù níhìn-ín, torí ó ń bo àwọn tí kò tàn púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ń fi ojú lásán kà ṣe ń tún un ṣe. Ká ní wọ́n rí 12 ní wákàtí kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, nígbà tí orísun òjò náà, ìyẹn ojú ibi tí ìlà wọn ti ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Castor, ṣì wà ní dígírì 30 sókè. Bí orísun náà bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni iye tí à ń rí ṣe ń dín kù. Wọn á fi sine 30, ìyẹn 0.5, pín in: ó di 24. Bí ọyẹ́ kò bá jẹ́ kí wọ́n rí kọjá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 5.5 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi tó ni ìràwọ̀ ṣe ṣókùnkùn tó), dípò 6.5 ti ọ̀run tó mọ́, wọn á sọ ọ́ di ìlọ́po 2.6, iye tí wọ́n ń lò fún ìwọ̀n kan ní ti Geminid: ó di bí 62. Ti kámẹ́rà tún fi ohun kan lé e: ẹ pín in fún fífẹ̀ ibi tí lẹ́ǹsì ń wò ní gíga kìlómítà 100. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń fi àwọn ìràwọ̀ tí kì í já, tó yà, hàn yín bí ojú rẹ̀ ṣe ríran tó, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ ní Ọmù-Àrán, kó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ síta lóru kan náà. Bí ti yín bá wà ní Ìlọrin, bíi kìlómítà 70 ló wà láàárín yín. Ẹ kọjú méjèèjì sí ojú kan náà lókè. Ìràwọ̀ tó já tí ẹ jọ rí, ẹ ó mọ gíga rẹ̀ àti eré rẹ̀, àti láti inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bí hóró náà ṣe wúwo tó.